Ọkọ̀ Àlòkù fún Ọmọ Tí Ó Wọ Yunifásítì

Iṣẹ́ ọmọ títọ́ kì í parí, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ wa. Nígbà tí ọmọ bá wà ní kékeré, oúnjẹ àti oògùn ni à ń wá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, owó ìwé àti owó aṣọ ni. Bí ó bá sì yege nínú ìdánwò BAC tí ó wọ yunifásítì, a ó rò pé a ti sọ ẹrù kalẹ̀, láìmọ̀ pé ẹrù mìíràn ń dúró dè wá lẹ́nu ọ̀nà. Èyí tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí ni ti ọ̀nà tí ọmọ ń gbà lọ sí ibi ẹ̀kọ́ tí ó sì ń gbà bọ̀, àti bí àwa ti ṣe ra ọkọ̀ àlòkù fún ọmọbìnrin wa tí ó wà ní ọdún kẹta ní Yunifásítì Abomey-Calavi. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé olówó ni wá. Ọ̀kan nínú wa ń ṣiṣẹ́ oṣù, èkejì ń ta aṣọ lọ́jà, ọmọ mẹ́ta ni a sì ń tọ́.

Yunifásítì náà kò jìnnà sí Kútọnu. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1970, tí à ń pè é ní Yunifásítì Dahomey, ìwọ̀nba ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọ́n, ó sì dà bí ẹni pé gbogbo wọn ni ó fẹ́ gba Godomey kọjá ní wákàtí kan náà. Ẹni tí ó bá ti dúró ní Godomey ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè mọ̀ pé a kì í fi kìlómítà ka ọ̀nà yẹn. Wákàtí ni a fi ń kà á. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ọmọ wa máa ń jí kí ó tó lè rí àyè jókòó nínú gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́ ní aago méje. Ní ọjọ́ tí ó bá sì ní iṣẹ́ nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, ilẹ̀ a ti ṣú kí ó tó jáde, zémidjan nìkan ni yóò sì rí.

A kò bú àwọn ọlọ́kadà wa. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n ní orílẹ̀-èdè wa, ni wọ́n ti ń gbé wa kiri, bàbá ọmọ bí tiwa sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà òjò tí ó kọjá, alùpùpù tí ó gbé ọmọ wa yọ̀ nínú ẹrẹ̀, àti ẹni tí ó wà á àti ẹni tí ó gbé sì ṣubú sójú títì. Orúnkún ọmọ wa bó, ìwé rẹ̀ rin gbindingbindin. Ọpẹ́lọpẹ́ ọlọ́kọ̀ tí ó wà lẹ́yìn wọn tí ó tètè tẹ bíréèkì. Láti ọjọ́ náà, bí aago mẹ́jọ alẹ́ bá lù tí a kò tí ì gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wa mọ́.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni kí a gba yàrá fún un ní Calavi. Ó dára, ọ̀pọ̀ òbí ni ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó yàrá kì í padà wá, àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn wà lójú ọ̀nà kan náà yóò sì ṣì máa gun zémidjan. Èkejì ni kí a ra alùpùpù fún un, èyí tí kò jẹ́ kí a bọ́ lọ́wọ́ ohun tí à ń sá fún. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀. Owó tí ó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ mílíọ̀nù 3 sẹ́fà, èyí tí a ti fi ọdún mẹ́rin dá ní àjọ láti fi kan òrùlé ilé wa ní Àjàṣẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa ní Àjàṣẹ́ gbọ́, ó ní, "Ṣé òrùlé ni ẹ ó wá yí sí táyà?" A kò lè sọ pé kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ilé tí kò tí ì ní òrùlé lè dúró dè wá ní ọdún kan sí i. Ọmọ tí ó wà lójú títì lálẹ́ kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu dà bí ẹni tí ó ń gbé etí odò tí ó ń wá omi: omi pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣeé mu. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èbúté wa ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ àlòkù ń gbà wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì, Faransé àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń wá, Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú wọn máa ń lọ. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, tí wọ́n sì tún ti ẹnubodè pa láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, ọwọ́ òwò náà dẹ̀. Oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ dínkù a sì máa dì mọ́ èyí tí ó bá rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, tẹ ìròyìn kan jáde. Wọ́n ní láàrin ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ kéékèèké àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó láti Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Jàpáànù lọ sí òkè òkun, àti pé púpọ̀ nínú wọn ni ó wá sí Áfíríkà. Wọ́n tún rí i pé púpọ̀ nínú èyí tí ó ń gba èbúté Nẹ́dálándì wá sọ́dọ̀ wa kò ní ìwé àyẹ̀wò tí ó ṣì pé mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òkun. Ohun tí wọn kò gbà lójú títì tiwọn mọ́ ni à ń fi ọ̀dà kùn tí à ń pè ní tuntun. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí yóò ra ọkọ̀ níhìn-ín ni yóò fúnra rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò.

Kí a tó jáde nílé, a pín owó náà sí méjì. A pinnu pé ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 2 àti 300,000 sẹ́fà lọ. Èyí tí ó kù jẹ́ ti ìwé ọkọ̀, ìbánigbófò, àyẹ̀wò ìjọba àti àtúnṣe àkọ́kọ́, nítorí kò sí ọkọ̀ àlòkù tí kì í béèrè nǹkan ní oṣù àkọ́kọ́. Òbí tí ó bá kó gbogbo owó rẹ̀ lé ọkọ̀ lórí, inú àgbàlá ni ọkọ̀ náà yóò máa wà. A tún mọ ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi oníṣòwò kọ̀ọ̀kan: "Ṣé wọ́n ti san owó dùwáànì rẹ̀?" Púpọ̀ nínú ọkọ̀ tí ó wà nínú páàkì, orílẹ̀-èdè mìíràn ni ó ń lọ, iye tí wọ́n bá sì pè kò ní owó aṣọ́bodè ti Bẹ̀nẹ̀ nínú. Ọkọ̀ tí ó dà bí ọ̀pọ̀ lè di ọ̀wọ́n kí nọ́ńbà tó dé ara rẹ̀.

A mú ọ̀gá mẹkáníìkì àdúgbò wa dání. A bá a ṣàdéhùn pé a ó san owó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un ní Sátidé kọ̀ọ̀kan, bí a rí ọkọ̀ rà bí a kò rí i rà. Èyí ṣe pàtàkì. Mẹkáníìkì tí ó jẹ́ pé ìgbà tí a bá rà ni yóò tó gba owó, kò ní fẹ́ kí a padà sílé lọ́wọ́ òfo. A sì mú ọmọ náà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìwé àjákọ lọ́wọ́, kí ó máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà Sèmè, wọ́n fi ọkọ̀ aláwọ̀ búlúù kan hàn wá tí ó ń dán bí gíláàsì. Oníṣòwò náà ní ọkọ̀ ọdún 2010 ni, láti Amẹ́ríkà, kìlómítà rẹ̀ kò sì ju 68,000 lọ. Ọ̀gá mẹkáníìkì kò wo ọ̀dà rẹ̀ rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo rọ́bà ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ bíréèkì: ó ti jẹ tán dé irin. Ó fi ọwọ́ kan sítíárìn: awọ rẹ̀ ti ń dán, ó ti ń bó. Kìlómítà 68,000 kì í jẹ rọ́bà báyẹn. Nígbà náà ni ó pe ọmọ wa pé kí ó wá ka àmì tí ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú.

Ó yẹ kí gbogbo òbí mọ ọ̀rọ̀ àmì yìí. Láti ọdún 1981 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ti di àmì 17, lẹ́tà pẹ̀lú nọ́ńbà. Lẹ́tà I, O àti Q kì í sí nínú rẹ̀, kí a má bàa ṣì wọ́n mú fún 1 tàbí 0. Àmì tí ó ṣáájú ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀: J ni Jàpáànù, W ni Jámánì, VF ni Faransé, 1, 4 tàbí 5 ni Amẹ́ríkà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, àmì kẹwàá ni ó ń sọ ọdún: 6 jẹ́ 2006, 9 jẹ́ 2009, A sì jẹ́ 2010. Ọmọ wa fi ìka kà á títí dé ẹ̀kẹwàá. 6 ni ó bá. Ó yí ojú sí wa, kò sọ nǹkan kan, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ oníṣòwò náà, a sì bá tiwa lọ. Àmì yìí kan náà ni ó yẹ kí ó wà lára irin ọkọ̀ àti nínú carte grise; bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá bára mu, kí òbí má ṣe na ọwọ́ sí àpò.

Ní Sátidé kejì, a tètè jáde, nítorí ọ̀gá mẹkáníìkì ní ẹńjìnnì tútù ni ó ń sọ òótọ́. Bí a bá dé tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti ń gbóná, ẹnìkan ti ji ọkọ̀ náà ṣáájú wa, ó sì yẹ kí a béèrè ìdí. Ọkọ̀ eléérú kan ni a bá, tútù ni ẹńjìnnì rẹ̀. A ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí: kò sí ohun funfun bí ògì lábẹ́ rẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àmì pé omi ń wọnú ọ́ìlì. A ji í, a sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ láti wo èéfín. Èéfín tí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jó. Èyí tí ó funfun tí ó ki tí kò sì tán lẹ́yìn ìgbà tí ẹńjìnnì ti gbóná, omi ni ó ń jó. Èyí tí ó dúdú, epo ni ó ń mu jù. Ti ọkọ̀ yìí mọ́. Inú wa bẹ̀rẹ̀ sí dùn.

Ọmọ wa wà nínú ọkọ̀, níbi tí yóò máa jókòó sí. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí ó fi tán, ó sì pè wá pé, "Bàbá, Màmá, ẹ wá wo èyí." Ní ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì náà ni ilà ẹrẹ̀ gbígbẹ kan wà, tí ó tẹ́jú bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ọ̀gá mẹkáníìkì ká káàpẹ́ẹ̀tì sókè: àwọn nọ́ọ̀tì tí ó di ìjókòó mú ti dípẹtà, iyanrìn sì wà ní kọ̀rọ̀. Omi ti gbé ọkọ̀ náà rí. Ẹ rántí pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey da omi bo ìlú Houston ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ni omi mù. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa lọ sí ọjà gbàǹjo, ẹni tí ó bá sì rà á ní ọ̀pọ̀ lè fọ̀ ọ́ kí ó tún un tà fún ẹni tí ó wà lókèèrè. Ẹńjìnnì rẹ̀ lè dára lónìí, ṣùgbọ́n wáyà inú rẹ̀ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, yóò sì kú lójú ọ̀nà ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí a sọ ohun tí a rí, oníṣòwò náà kò jiyàn. Mílíọ̀nù 2 ni ó ní kí a mú wá, ó tún yọ 200,000 kúrò lójú ẹsẹ̀. A ní ó kú ìnáwó.

Ní Sátidé kẹta, a kò lọ sí páàkì rárá. Ẹni tí ó wà ní ibi iṣẹ́ ọ̀kan nínú wa ní òun mọ bàbá olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀. Toyota Corolla ọdún 2005 ni, gíà ọwọ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, bọ́ńpà rẹ̀ ti fá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. A kí bàbá náà, a bi í léèrè pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ fẹ́ tà á?" Ó ní, "Ojú mi kì í ríran lálẹ́ mọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Kí n má lọ fi pa ọmọ ọlọ́mọ." Ó wọlé, ó sì gbé àpò ìwé ńlá kan jáde. Gbogbo ìwé owó tí ó fi pààrọ̀ ọ́ìlì ni ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti kìlómítà, fún ọdún mọ́kànlá. Kí a tó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà, òun fúnra rẹ̀ ti sọ àléébù rẹ̀: ẹ̀rọ amúlétutù ti kú, gíláàsì ẹ̀yìn lápá òsì kì í sọ̀ kalẹ̀ tán, táyà méjì sì ti gbó.

A ṣe gbogbo àyẹ̀wò wa bí ẹni pé a kò gbọ́ ohun tí bàbá sọ, nítorí ọ̀wọ̀ kò ní kí a má yẹ ọjà wò. Àmì 17 bára mu, J ni ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A yí kọ́kọ́rọ́: iná pupa ti àpò afẹ́fẹ́ tí ń dáàbò bo àyà tàn, ó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti yọ gílóòbù rẹ̀. A wo àwọn táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú àmì DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe táyà: 3518 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 35 ọdún 2018. Lára méjì nínú ti bàbá, 1114 ni ó wà, àwọn tí ó ní wọ́n ti gbó gan-an. A wà á lọ, a wà á bọ̀, a jọ̀wọ́ sítíárìn díẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú tí kò sí ẹnikẹ́ni, kò fà sí ọ̀tún, kò fà sí òsì.

A bi ọmọ wa pé kí ni ó rí sí i. Ó ní, "Kò rẹwà, ṣùgbọ́n kò parọ́." Lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni a san mílíọ̀nù 2 àti 150,000 sẹ́fà. Kí òye èyí yé wa dáadáa, ẹ̀yin òbí. Kì í ṣe pé gbogbo ọkọ̀ inú páàkì ni ó burú, kì í sì í ṣe pé gbogbo ọkọ̀ arúgbó ni ó dára. Ohun tí a rà lọ́wọ́ bàbá náà ju irin lọ: a ra ọdún mọ́kànlá tí a mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú wọn. Ọkọ̀ tí a kò mọ ìtàn rẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó, bí àjèjì tí a fẹ́ fi ọmọ fún ni.

Lẹ́yìn náà, a lọ yí orúkọ inú ìwé padà, a gba ìbánigbófò, a sì gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò. A ra táyà, rọ́bà bíréèkì tuntun àti bátìrì. Àlùfáà wa bá wa bu omi mímọ́ wọ́n ọkọ̀ náà, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n òróró bíréèkì ni ó ń mú ọkọ̀ dúró, omi mímọ́ kò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

A bá ọmọ náà ṣàdéhùn, a kọ ọ́ sílẹ̀, òun pẹ̀lú sì fọwọ́ sí i. Ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà gbogbo. Kò gbọdọ̀ gbé ju iye ènìyàn tí bẹ́líìtì wà fún lọ, bí àwọn ọ̀rẹ́ tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Fóònù kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ bí táyà bá ń yí. Yóò wo ọ́ìlì àti omi ní òwúrọ̀ Sátidé, yóò sì pààrọ̀ ọ́ìlì ní 5,000 kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Owó epo, òun ni yóò san ìdajì rẹ̀ nínú owó tí ó ń rí níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ìṣirò. Ilé epo ni yóò sì ti máa rà á. Gbogbo wa ni a mọ kpayo tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, a sì mọ bí owó rẹ̀ ti fò sókè nígbà tí Ààrẹ Tinubu yọ owó ìrànwọ́ epo kúrò ní Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tilẹ̀ pọ̀ ní ọ̀pọ̀, a kò mọ ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn.

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí. Gíláàsì ẹ̀yìn kò tí ì sọ̀ kalẹ̀ tán, òrùlé Àjàṣẹ́ ṣì ń dúró dè wá, ẹ̀gbọ́n wa kò sì tí ì dákẹ́. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń jáde ní aago mẹ́fà kù díẹ̀, wọ́n jọ ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó níwájú. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ náà jẹ́ ẹ̀bùn òjijì tí ọmọ yóò kàn bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ mú un dání lọ sí ọjà. Ẹ jẹ́ kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa bẹ́líìtì, kí ó fi ojú ara rẹ̀ ka àmì, kí ó gbọ́ nígbà tí ẹ̀yin bá sọ pé ẹ kò rà mọ́ tí ẹ sì ń padà lọ sílé. Ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ náà bá ti di ìpàǹtí.